Ìdí Nílẹ̀, Ẹ̀yìn Lókè: Bí Mo Ṣe Ń Lo Open Guard Láìwọ Gi

Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ẹni tó bá gbọ́ oríkì wa rí mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ó sì mọ òfin ìjàkadì: bí ẹ̀yìn rẹ bá ti kanlẹ̀, ó parí. Wọ́n á gbé ẹni tó dá ọ sórí èjìká, ìwọ á máa gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé jíìmù kan lábẹ́ afárá ojú irin ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n, tí olùkọ́ ní kí n jókòó sílẹ̀ níwájú ọkùnrin kan tó ń bọ̀ wá bá mi jà. Ọmọ ọdún 38 ni mí nígbà náà. Mo ní, "Kí n jókòó kẹ̀? Kí n wá máa ṣe kí ni nílẹ̀?"

Ó ti di ọdún 5 báyìí. Kílò 61 ni mo wọ̀n, bọ́ọ̀sì alẹ́ ni mo ń wà, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tó kéré jù mí lọ lórí máàtì. Ilẹ̀ yẹn náà ni mo wá ń dúró dè wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wà fún ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ jiu-jitsu, ìjàkadì tí wọ́n ń jà dé ilẹ̀, tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń lu máàtì láti sọ pé "ó tó", ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá jókòó ni wọ́n ń ré ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń ré ìloro kọjá. N ó máa pè ọ́ ní "o". Kì í ṣe àrífín. Ẹ̀gbọ́n wà lórí máàtì o, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ráyè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé orúnkún yín kúrò lọ́rùn mi."

Ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá wà láàárín ìwọ àti ẹni tó wà lókè, o wà nínú gáàdì. Bí o bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá ìbàdí rẹ̀ mọ́ra, tí o so ọrùn ẹsẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, closed guard nìyẹn. Bí o bá tú u, tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá ní iṣẹ́ tirẹ̀, tí ọ̀kan ń tì, tí ìkejì ń kọ́, open guard nìyẹn. Àwọn tó ń wọ gi, aṣọ ìjà tó nípọn, máa ń di apá aṣọ àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò mú, wọ́n á fi fa ènìyàn bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù tó lẹ̀ mọ́ra àti ṣòkòtò péńpé la wọ̀, kó sì tó di ìṣẹ́jú 3, òógùn ti sọ gbogbo wa di ẹja àrọ̀.

Nítorí òógùn yẹn, ibi méjì péré lo lè wà. Yálà kí o jìnnà sí i débi pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó ẹsẹ̀ rẹ, tàbí kí o sún mọ́ ọn débi pé orí rẹ ń kan àyà rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí àárín, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síta tí kò dì ohunkóhun mú, ńṣe ló gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n á gbá a sápá kan, wọ́n á sì gba apá kejì wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìdìmú ṣókí: ibi tó tẹ̀ tàbí tó wú ni kí o dì mú, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ kì í ti í tètè yọ̀. Ọrùn ọwọ́, ẹ̀yìn apá lókè ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀yìn ọrùn, òkè gìgísẹ̀. Má fi àtàǹpàkò yí i ká. Kó o mọ́ ìka mẹ́rin tó kù, kí ọwọ́ rẹ dà bí ìkọ́ tí a fi ń já ìbẹ́pẹ. Mo fi bí oṣù 6 dì í bí ẹni tó di irin bọ́ọ̀sì mú, ọwọ́ mi á ti kú kí rọ́ńdì kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, ìjókòó. Òun gan-an ni mo jókòó kọ èyí fún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ "gáàdì", wọ́n sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Má dùbúlẹ̀. Òfin bàbá mi ṣì dúró: ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Ìdí nìkan ló lè kàn án. Fi ìdí jókòó, tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí awakọ̀ tó fẹ́ wo dígí ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kan lélẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ ga. Ká ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ níwájú rẹ, kí ojúgun rẹ̀ kọjú sí ọ̀tá. Ọwọ́ kan lẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ nílẹ̀, bí òpó. Ọwọ́ kejì níwájú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nítòsí orúnkún, ó ń dúró de ọrùn ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ na wá. Àgbọ̀n sún mọ́ àyà.

Láti ibẹ̀, kọ́ bí a ṣe ń fi ìdí rìn. Ọmọ jòjòló tí kò tíì rìn mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Tẹ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, gbé ìdí díẹ̀, sún un. Bó bá lọ sápá òsì, ìdí rẹ tẹ̀ lé e, kí o ṣì máa kọjú sí i. Bó bá sún mọ́ ọ lójijì, sún ìdí sẹ́yìn. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bí o kò bá rí ohun mìíràn kọ́ ju kí ojú rẹ má kúrò lára rẹ̀ lọ, wọn ò ní máa ré ọ kọjá bẹ́ẹ̀ yẹn mọ́.

Á gbìyànjú láti fi ọwọ́ tì ọ́ láyà kí ẹ̀yìn rẹ lè lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀bùn ni ọwọ́ yẹn. Di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, tàbí kí o gbá a dànù láti ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́. Bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù tó sì tì ọ́ lulẹ̀, fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí èjìká kan ṣoṣo kan máàtì, kí orúnkún méjèèjì sì padà wá sáàárín yín. Lẹ́yìn náà, wá ọ̀nà láti jókòó padà.

Bí wọ́n bá ń gbìyànjú láti ré ọ kọjá, rò ó bí ilé tó ní ògiri mẹ́ta. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ògiri tó wà níta: o lè gbé e lé ìbàdí rẹ̀, itan rẹ̀, èjìká rẹ̀, tàbí inú apá rẹ̀ lókè ìgbọ̀nwọ́. Orúnkún àti ojúgun ni èkejì, tí o máa dá gbogbo ẹ̀ dúró lórí àyà rẹ̀. Ọwọ́ ni ìkẹta: o fi gba ọrùn àti èjìká rẹ̀ dúró, kì í ṣe pé o ń tì í lókèèrè, o kàn fi egungun apá gbé e dúró nígbà tí ìdí rẹ ń sún kúrò lábẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́ ni pé bí ògiri àkọ́kọ́ bá wó, ènìyàn á kó gbogbo agbára lọ sí ìkejì, á dúró síbẹ̀, á máa jà títí. Kì í ṣe ibùgbé nìyẹn. Fi ojúgun rà àyè tó tó láti dá àtẹ́lẹsẹ̀ padà sí ìbàdí rẹ̀, kí o padà sẹ́nu iṣẹ́.

Má sì jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún rẹ jìnnà síra. Orí rẹ̀ á wá ibi tí wọ́n bá ti ya ara wọn wọlé. Ìyà ló fi èyí kọ́ mi. Mo na ọwọ́ sókè láti di ọrùn ọkùnrin kan tó lé ní kílò 90 mú, abíyá mi ṣí gbayawu, ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì fi gbogbo ara lé mi ní ẹ̀gbẹ́. Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi ń wa bọ́ọ̀sì pẹ̀lú egungun ìhà tó ń ta mí bí mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀. Ìyàwó mi kò bá mi kẹ́dùn. Ó ní, "Ta ló rán yín níṣẹ́?"

Bó bá ti kúnlẹ̀ tàbí bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ, butterfly lo máa lò. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí orúnkún méjèèjì ṣí síta bí ìyẹ́ labalábá, tí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ sì kọ́ inú itan ẹni tó wà níwájú. Marcelo Garcia, ajà jiu-jitsu ọmọ Brazil, ni kí o lọ wò. Ó gba ADCC, ìdíje àgbáyé àwọn tó ń jà láìwọ gi, ní ìpele tó wà lábẹ́ kílò 77 lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ní 2003, 2005, 2007 àti 2011, èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì ti orí ìjókòó yìí wá. Kò gùn, kò sì kí gbọ̀ǹgbọ̀nrán bí àwọn mìíràn. Ó kàn mọ bí a ṣe ń wọ abẹ́ ènìyàn ni.

Èmi ń ṣe é báyìí. Mo sún ìdí wọlé títí iwájú orí mi fi wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Orí yẹn ni ọwọ́ mi ìkẹta, kì í jẹ́ kó lè tẹ̀ mí sẹ́yìn. Mo ki ọwọ́ òsì bọ abẹ́ abíyá rẹ̀ ọ̀tún, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, mo fà á mọ́ra. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di apá rẹ̀ òsì mú, ní ọrùn ọwọ́ tàbí lókè ìgbọ̀nwọ́. Apá tí o dì yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tó kù lọ, torí òun ló máa fẹ́ fi gbá ilẹ̀ mú bó bá ń ṣubú. Ẹsẹ̀ òsì mi kọ́ inú itan rẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ni mo ká sílẹ̀.

Má ṣubú sẹ́yìn tààrà! Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, o gbé e wá sórí ara rẹ ni. Èjìká ọ̀tún ni kí o fi wólẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́, bí igi tí wọ́n gé lápá kan. Bí o ṣe ń lọ, ọwọ́ tó wà lábẹ́ abíyá fà á tẹ̀ lé ọ, apá rẹ̀ tí o dì mú kò rí ilẹ̀ gbá mú, ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ òsì tó kọ́ ọ á wá gbé itan rẹ̀ sókè. Kì í ṣe agbára ẹsẹ̀ ló ń yí i dànù, ìwúwo ara rẹ tó ń ṣubú ló ń ṣe é. Ẹsẹ̀ kàn ń parí iṣẹ́ ni. Tẹ̀ lé e lọ, má tú ọwọ́ abíyá sílẹ̀, kí o lè bọ́ sórí rẹ̀ bó bá ti kanlẹ̀.

Bó bá mọ̀ ọ́n, á na ẹsẹ̀ òsì síta láti má ṣubú, tàbí kó fi ara sẹ́yìn. Ó dára. Bó bá fi ara sẹ́yìn, tẹ̀ lé e, gun orúnkún rẹ, kí o gbá a mú nídìí tàbí lẹ́sẹ̀ kan, ìjàkadì ilé wa ló kù. Bó bá sì kọ̀ láti jẹ́ kí o ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀, fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú, kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ ré kọjá lọ gbá ẹ̀yìn apá kan náà mú lókè ìgbọ̀nwọ́. Fa apá yẹn gba iwájú àyà rẹ kọjá sápá ọ̀tún, kí ìdí tìrẹ sì sún sápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Wàá bá ara rẹ lẹ́yìn rẹ̀. Arm drag nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi ju swíìpù (yíyí ẹni tó wà lókè dànù) lọ, torí ẹni tó ga jù ọ́ lọ, bí o bá wà lẹ́yìn rẹ̀, gíga rẹ̀ kò wúlò fún un mọ́.

Ọ̀tá butterfly ni ẹni tó bá so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn ìbàdí rẹ, tó fi orí tẹ àyà rẹ, tó wá fi ara lẹ̀ ọ́ pẹ́kípẹ́kí. Bí ọwọ́ yẹn bá ti so pọ̀, wàhálà ti dé. Nítorí náà, kó tó so pọ̀ ni kí o ti jà. Fi ọwọ́ kan ti orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, fi ọwọ́ kejì gbá ilẹ̀ mú lẹ́yìn, sún ìdí sẹ́yìn kíákíá, kí orúnkún rẹ padà wọ àárín yín.

Bó bá dìde dúró ńkọ́? Àwọn tí wọ́n bá ti jẹ ìyà butterfly lẹ́ẹ̀kan máa ń dìde. Ibi tí single leg X ti wúlò nìyẹn. Ká ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ló sún mọ́ ọ, ní apá òsì rẹ. Sún ìdí wọlé títí ìdí rẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ẹni tó bá ṣe é láti òkèèrè kò ní rí i ṣe. Fi apá òsì gbá òkè gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, kí ẹsẹ̀ náà há sí abẹ́ abíyá rẹ. Ẹsẹ̀ òsì rẹ gba ìta yípo, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì gun ìbàdí rẹ̀ ní apá kan náà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọlé, ó kọ́ ẹ̀yìn itan rẹ̀ ọ̀tún. Wàyí o, fi orúnkún rẹ méjèèjì fún orúnkún rẹ̀ láàárín bí ẹni tí ń fi ẹ̀mú mú irin. Bí orúnkún rẹ bá ṣí, ó lọ.

Láti dá a: gbé ìdí sókè kúrò nílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ tó wà ní ìbàdí tì í sẹ́yìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò sì lè sún torí o ti há a mọ́ abíyá. Bó bá gbọ́n tó sì ń fi ẹsẹ̀ kejì fò sẹ́yìn láti dúró, na ọwọ́ ọ̀tún lọ di ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú. Kò ní rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí mọ́, á fi ìdí jókòó. Ẹ̀rín máa ń pa mí nígbà yẹn, torí ó wá jókòó bíi tèmi. Ṣùgbọ́n má dúró rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ kan nílẹ̀, fa ẹsẹ̀ rẹ jáde, dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Swíìpù tí o kò dìde parí, wọn kì í kà á sí ohunkóhun. Bí o bá parí rẹ̀, máàkì 2 ni, nínú ADCC àti nínú IBJJF, àjọ tó ń ṣètò ìdíje jiu-jitsu, pẹ̀lú.

Láti ibi tí ẹsẹ̀ ti há yìí ni heel hook ti ń wá, èyí tí wọ́n fi ń yí gìgísẹ̀ kí orúnkún lè lọ́. Òun ló jẹ́ kí gáàdì no-gi (láìwọ gi) di ohun tí àwọn ńlá ń bẹ̀rù. Ní ADCC 2019, ní Anaheim ní Amẹ́ríkà, Lachlan Giles tó wá láti ìpele kílò 77 wọ ìpele tí kò ka ìwúwo sí, ó fi heel hook mú kí ọkùnrin mẹ́ta tó jù ú lọ dáadáa lu máàtì, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà ti ipò kẹta. Mo ti wo fídíò yẹn títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Síbẹ̀, mi ò ní kọ́ ọ níbí. Ọ̀rọ̀ gìgísẹ̀ kò jọ ọ̀rọ̀ apá: orúnkún lè já kí ìrora tó sọ fún ọ. Ọdún 2021 ni IBJJF ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á láyè nínú no-gi, fún àgbà tí bẹ́líìtì rẹ̀ jẹ́ búráùn tàbí dúdú nìkan. Ọwọ́ olùkọ́ tó ń wò ọ́ lójú kòró ni kí o ti kọ́ ọ, bí wọ́n bá sì mú tìrẹ, lu máàtì bí gìgísẹ̀ bá ti há, má dúró kó dùn ọ́.

Ọ̀kan ṣì kù: ẹni tó bá ń fà sẹ́yìn, tí kò fẹ́ wọ ibi tí o wà. Má jókòó máa wò ó bí ẹni ń retí ọkọ̀. Dìde. Ọwọ́ kan lẹ́yìn, ẹsẹ̀ òdìkejì nílẹ̀, gbé ìdí sókè, fa ẹsẹ̀ tó kù gba abẹ́ ara rẹ sẹ́yìn, o ti dúró. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bó ṣe rí ọ tí o ń dìde, á sáré wọlé láti tì ọ́ padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú á sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ. Lọ́wọ́ kejì, má ṣe jókòó lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ìdíje. Nínú ìjà oníṣẹ́jú 10 ti ADCC, wọn kì í ka máàkì ní ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá fúnra rẹ jókòó láìjẹ́ pé wọ́n gbé ọ lulẹ̀, wọ́n á yọ máàkì 1 lára tìrẹ. Nínú jíìmù náà, mo máa ń dì nǹkan mú kí n tó jókòó, ì báà jẹ́ ọrùn ọwọ́ kan péré.

Bí mo ṣe ń fi kọ́ra: rọ́ńdì ìṣẹ́jú 2, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ṣòkòtò níbi ìbàdí, ẹnì kejì á máa gbìyànjú láti ré mi kọjá, ẹsẹ̀ àti ìdí nìkan ni mo fi ń dá a dúró. Wọ́n á kọjá, ọ̀pọ̀ ìgbà. Kò burú. Lẹ́yìn náà, butterfly lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lápá kọ̀ọ̀kan, kí n gbé e, kí n má dà á nù, kí ẹ̀yìn àwọn àgbà bíi tiwa má baà ṣẹ́. Lẹ́yìn náà single leg X, láti ìjókòó títí dé ìdìde, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nílé, ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún 7 ló ń bá mi ṣe èyí tó dára jù. Mo jókòó sórí rọ́ọ̀gì pálọ̀, ó ní láti fọwọ́ kan orí mi, èmi á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbé e dúró, ìdí mi á máa tẹ̀ lé e. Ó kéré, ara rẹ̀ yá, kò sì ní ìtìjú, nítorí náà ó le ju ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ. Bó bá kan orí mi lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo jẹ ẹ́ ní bísíkíìtì kan. Gbèsè bísíkíìtì 4 ló wà lọ́rùn mi báyìí.

Kí o tó lọ síbẹ̀ lọ́la, gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ. Open guard ni o fẹ́ ṣe, ẹsẹ̀ yẹn ló máa wà ní ikùn, ní itan àti lójú ẹni ẹlẹ́ni fún wákàtí kan gbáko. Ojú mi ti rí tèmi lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò gé e.